Ọ̀rọ̀-Ìṣe Nínú Eré Ọmọdé

Eré àṣẹ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Olùkọ́ yóò ní ‘Ẹ fò!’, gbogbo kíláàsì yóò fò. Yóò ní ‘Ẹ jó!’, wọn yóò jó. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn ń ṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Eré náà dára. Ọmọ kì í tètè gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́. Àléébù rẹ̀ wà nínú ìtumọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn ní ìdí.

Kí ni olùkọ́ náà yóò ṣe sí ‘ga’? Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ pé ‘Ẹ ga!’ kí ọmọ sì ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘dùn’, ‘tóbi’ àti ‘kéré’. Bí ọmọ bá pàdé ‘Adé ga’ nínú ìwé, yóò wá ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ títí, kò ní rí i. Olùkọ́ pàápàá lè gbà pé kò sí níbẹ̀, nítorí gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà kọ́ pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Gẹ̀ẹ́sì ni kò lè sọ pé Adé ga láìfi ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tì í lẹ́yìn. Yorùbá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ọládélé Awóbùlúyì ti ka irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé gírámà tí ó tẹ̀ jáde ní 1978. Ó yẹ kí ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tipẹ́.

Eré tí yóò tún un ṣe kò jìnnà. Kí olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀, kí ọmọ dá a padà ní ìlọ́po: fò, fífò, jó, jíjó, ga, gíga, dùn, dídùn. ‘Ga’ jókòó ti ‘fò’ láìsí ìjà. Bí olùkọ́ bá sọ ‘ilé’, ẹnu ọmọ yóò kọ́. Bí ó bá sọ ‘bàtà’, tí ẹni tí ó yára jù sì dáhùn pé ‘bíbàtà’, ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Eré òṣùpá tún ní ohun tí eré àṣẹ kò ní. Nínú àṣẹ, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀-ìṣe sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n orúkọ ‘ẹkùn mẹ́ran’ gan-an, odidi gbólóhùn ni: fáwẹ̀lì ‘mú’ ti pòórá, ohùn òkè rẹ̀ sì ti bọ́ sórí ‘ẹran’. ‘Bojúbojú’ náà so ‘bo’ mọ́ ‘ojú’. Bí olùkọ́ bá dá eré ẹkùn dúró ní àárín, ó lè béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ẹkùn ń lé ẹran, kò tíì mú un, yóò mú un. Nígbà tí ó bá yá: ó ti mú un. ‘Mú’ kò yí padà rárá. Àwọn wúnrẹ̀n kékeré iwájú rẹ̀ ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ọmọ tí ó ń sáré sì mọ ìyàtọ̀ ‘kò tíì’ sí ‘ó ti’ dáadáa, nítorí awọ ara rẹ̀ ni.

Ti ohùn ni eré àṣẹ ti tún gba ipò rẹ̀ padà. ‘Ẹ fọ àwo!’ àti ‘Ẹ fọ́ àwo!’ kò jọ ara wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra létí. Kí ọwọ́ àwọn ọmọ ṣófo ni ó dára jù nígbà náà.