Ikú Ẹfúnṣetán: Ìwé Ìtàn, Eré-Onítàn àti Ère Oríta

Bí gbajúmọ̀ bá kú ní ìlú ńlá lóde òní, ìwé ìròyìn, rédíò àti ẹbí ni í kéde rẹ̀. Ọjọ́ tí ó kú, ohun tí ó pa á àti iṣẹ́ tí ó ṣe fún ìlú kì í pẹ́ di mímọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Nígbà tí ó kú ní 1874, kò sí ìwé ìròyìn kankan ní Ìbàdàn; èyí tí Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 pàápàá ti kógbá sílé láti 1867. Àwọn ẹlòmíràn ni ó wá bá a kọ ìkéde òkú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì mọ̀ jù ni eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tí ó jáde ní 1970. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú ìrántí tí eré náà fi sílẹ̀ fún ìlú, àti ọwọ́ tí àwa olùkọ́ àti olùdánwò ní nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Nínú eré, Ẹfúnṣetán pa ara rẹ̀: ó gbé májèlé jẹ nígbà tí ọwọ́ Látòósà tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ ní 1921, wọ́n pa á ni. Ẹrú rẹ̀ méjì ni ó pa á lóru níbi tí ó sùn sí; Kúmúyìlọ, tí ó fi ṣe ọmọ, ni ó tì wọ́n sí i, Àrẹ Látòósà ni ó sì wà lẹ́yìn Kúmúyìlọ. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàrin "ó pa ara rẹ̀" àti "wọ́n pa á". Ẹni tí ó pa ara rẹ̀ ti ru ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Ẹni tí a pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn ẹnìkan, ìlú sì lè béèrè. Johnson jẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n béèrè lóòótọ́, a sì pa àwọn ẹrú náà. Ta ni yóò béèrè nínú eré?

Ìdí ìjà náà yí padà. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson ní Látòósà kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, àti pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ti ogun dé. Ẹ̀sùn òṣèlú ni gbogbo wọn. Bọ́láńlé Awẹ́, nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, tún fi ipò Ìyálóde náà hàn gẹ́gẹ́ bí olówó tí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn ológun. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá gbé gbogbo rẹ̀ ka orí ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí, ó sì sọ Látòósà di ẹni tí ó wá gba ìlú sílẹ̀.

A kò sọ pé Ìṣọ̀lá purọ́ mọ́ ọn. Johnson náà ròyìn ikú ọmọ yẹn àti ìkà tí ìyá rẹ̀ hù sí àwọn ẹrú lẹ́yìn náà. Ẹni bá fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ nítorí pé obìnrin ni, àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó ń gbàgbé. Òǹkọ̀wé eré sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìtàn padà. Èdè eré náà dùn débi pé kò yà wá lẹ́nu bí ó ti borí ìwé ìtàn lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àwa ni a kò ṣe é dáradára. Irú ìbéèrè tí a fẹ́ràn ni, "Òṣìkà ni Ẹfúnṣetán. Ṣàlàyé." A ti dá ẹjọ́ kí a tó pe ẹlẹ́rìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé wọ́n pa á, "kò ka ìwé" ni a ó sọ, a ó sì fa igi sí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé eré ni a béèrè. Ṣùgbọ́n a kì í sábà kọ ọ́ sínú ìbéèrè pé "nínú eré". Gbólóhùn kékeré yẹn ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ó sì yẹ kí a bi wọ́n nígbà mìíràn pé kí ni Látòósà jèrè nínú bí Ìṣọ̀lá ṣe parí eré rẹ̀.

Ère Ẹfúnṣetán wà ní oríta Challenge, Ìbàdàn, lónìí. Ère kì í sọ̀rọ̀; ohun tí àwọn tí ń kọjá bá gbọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò fi sí i lẹ́nu. Ìyáọlá, Ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde dípò rẹ̀ nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní May 1874, ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó lè dárúkọ rẹ̀?