Ọjà Tuntun àti Ìmọ̀ Àgbáyé: Lámèyítọ́ Ìlò Òwe Kan

“Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun.” Òwe yìí ni àwa olùkọ́ máa ń fà yọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ìmọ̀ àgbáyé. Ìtumọ̀ tí a ń fún un ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá dé òkè-òkun kò lè lajú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti dẹ́bi fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí òbí wọn kò lówó ọkọ̀ òfurufú. Àwọn yìí gan-an ni yóò sì kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́la.

Òwe náà kò dárúkọ òkè-òkun. Oko baba ẹlòmíràn lè má ju ẹ̀yìn ebè tiwa lọ. Ìfiwéra ni kókó rẹ̀.

Nígbà tí owó àtirán akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé lọ sókè òkun pọ̀ jù, ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ètò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ni ìmọ̀ àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọjà Tuntun ní Ìlọrin. Àǹkárá kan ṣoṣo lórí àtẹ tó kọ́ni ní odindi sáà kan. Àwọn ará erékùṣù Java ló ń fi ìda ṣọnà sára aṣọ, bí tiwa ṣe ń fi ẹ̀kọ ṣe àdìrẹ. Àwọn Òyìnbó Họ́láńdì fi ẹ̀rọ ṣe àwòkọ rẹ̀. Vlisco ti wà ní Helmond láti 1846. Àwa ni a sọ ọ́ di tiwa, tí a ń sọ ọ́ lórúkọ. Lónìí, Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ti ilẹ̀kùn ní 2007 (wọ́n tún un ṣí ní 2010); aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè wà lára ohun tó fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tọpa ìgàn kan báyìí, tó sì fi í wé òfì tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin kan náà, ti dé oko baba ẹlòmíràn.

A kò ní kí wọ́n lọ wòran o. Irú ìyẹn ti pọ̀ jù. Kí wọ́n jókòó ti ìyá aláṣọ, kí wọ́n bi í léèrè ìdí tí iye ọjà fi ń gòkè bí dọ́là bá gbówó lórí, kí wọ́n má sì já a lẹ́nu. Ìṣòro tó kù ni ti máàkì: ìyá náà yóò ti ṣe ìdajì iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí àyè fún un nínú ìwé èsì ìdánwò wa.