Iṣan Wo? Lámèyítọ́ Èdè-Ìperí Ọpọlọ àti Ẹ̀ka Rẹ̀

Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Babcock ń jẹ́ orúkọ Benjamin Carson, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ gbogbo ohun tí ó so ọpọlọ mọ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan láti Ìkẹ́nnẹ́ bá jókòó síwájú rẹ̀, tí ó ní, ‘Dókítà, ọmọ mi, iṣan ló ń dà mí láàmú’, iṣan wo ni yóò gbọ́?

Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Òun náà ni ẹran ara tí ń sún kì, tí ń nà. Òun náà ni ohun tí ó de ẹran mọ́ eegun. Àwọn onítumọ̀ wá gbé ẹrù kẹrin rù ú: okùn tí ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara. Kí ó lè yàtọ̀, àwọn mìíràn a pè é ní ‘iṣan ìmọ̀lára’. Àfikún yìí gan-an ni a kò fara mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn okùn wọ̀nyí kì í mọ nǹkan kan lára. Àṣẹ ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹran ara pé kí ó mira.

Iṣan tún ń mú ni ronú nípa ọ̀pá omi. Ní 1906, Golgi àti Cajal jọ gba Ẹ̀bùn Nobel, síbẹ̀ ohùn wọn kò ṣọ̀kan: Golgi ní àwọ̀n kan ṣoṣo tí kò já ni, Cajal ní sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Cajal ni ẹ̀rí gbè. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹ̀ka kúkúrú tí ó fi ń gba iṣẹ́ àti ìrù kan tí ó fi ń jẹ́ ẹ, èyí tí ó lè gùn tó mítà kan bí ó bá ń lọ sí ẹsẹ̀. Àlàfo tín-ín-rín ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kẹ́míkà ló sábà máa ń gbé iṣẹ́ náà sọdá.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ẹni tí yóò wá ọ̀rọ̀ ìṣègùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa kò tòṣì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wárápá, gìrì, ẹ̀gbà, rọpárọsẹ̀: àìsàn ni a sọ lórúkọ, a kò sọ ohun tí ó ń ṣàìsàn. Ìyàtọ̀ tí àwọn onítumọ̀ pàdánù sì wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wa. Ẹsẹ̀ tí ó rọ kò ṣeé gbé, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ pé iná ń jó o; ẹsẹ̀ tí ó kú tipiri ṣeé gbé, ṣùgbọ́n kò mọ ilẹ̀ tí ó tẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn kọ̀wé ní 1968 nípa àìsàn tí ń mú ẹsẹ̀ kú, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè rìn tààrà, tí ó sì so ó mọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, ‘kú’ ni ó ń ṣàlàyé ju ‘rọ’ lọ.

Orí ìyàtọ̀ yẹn ni ó yẹ kí a kọ́lé lé. A dábàá sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì náà, fọ́nrán ìmọ̀lára fún èyí tí ń mú ìròyìn bọ̀, fọ́nrán ìmira fún èyí tí ń gbé àṣẹ lọ. Wọ́n lè ní fọ́nrán kéré jù fún èyí tí ó gba ìdí kọjá sí itan, tí ó nípọn bí ìka ọwọ́. Ìdì fọ́nrán ni kí a pe ìyẹn, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ni a dì pọ̀ síbẹ̀.