Ọ̀dà Yẹ́lò Nìkan Kọ́ ni Bọ́ọ̀sì Manchester

Láti ọdún 2023 tí bọ́ọ̀sì Manchester ti di yẹ́lò, àwọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Wọ́n ya oyin sí i lára, wọ́n sọ ọ́ ní Bee Network. Ọmọ Èkó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ lè rò pé dáńfó ti gba físà! Oyin náà kì í ṣe ohun tuntun o. Láti 1842 ló ti wà nínú àmì ìlú náà, méje ni wọ́n, wọ́n bà lé orí òbìrí ayé, àmì iṣẹ́ àṣekára ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹ jẹ́ kí á wo abẹ́ ọ̀dà.

Òfin ọdún 1985 ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Margaret Thatcher ló ṣe é, Nicholas Ridley sì ni mínísítà ìrìnnà. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1986, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó bá ti ní ìwé àṣẹ lè gba ọ̀nà tó wù ú, kó gba owó tó wù ú. Wọ́n ní ìdíje yóò mú owó ọkọ̀ wálẹ̀. Ibi tó dùn mí jù nìyí: wọn ò fi òfin náà de Lọ́ńdọ̀nù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ló ń yan ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, àwọn ilé-iṣẹ́ wulẹ̀ ń díje láti wà á ni. Oògùn tí wọ́n ní ó dára fún Manchester àti Liverpool, àwọn tó pò ó kò fi ẹnu kàn án nílé tiwọn. Àbí kí ni ká pe ìyẹn?

Ní Oxford Road, bọ́ọ̀sì ń to tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, wọ́n ń já èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ẹ̀yìn ìlú, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí ìjọba ìbílẹ̀ ò bá sanwó, kò sí ọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìkejì. Òmìnira ni wọ́n pe èyí. Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ jẹun, mo máa ń béèrè pé òmìnira ta ni? Ẹni tó ni ọkọ̀ ló lómìnira. Ẹni tó dúró sínú òjò ní bọ́sítọ́ọ̀pù kò ní nǹkan kan láti yàn.

Òfin 2017 ló fún àwọn méyọ̀ lágbára láti gba ọ̀nà padà. Andy Burnham lò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì pàdánù ní 2022. Bolton àti Wigan ló ṣíwájú ní oṣù kẹsàn-án 2023, gbogbo rẹ̀ sì parí ní oṣù kìíní 2025. Ní oṣù kan náà tí òté owó ọkọ̀ fún Ẹ́ńgíláǹdì gòkè sí pọ́n-ùn mẹ́ta, Greater Manchester dúró lórí méjì. Mo kí wọn fún ìyẹn.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn olùyìn kì í sọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀; bí èrò bá dín kù, àpò ìlú ni àdánù máa bọ́ sí. Ọ̀dà kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa là á mọ́lẹ̀ fún ará ìlú.

Lójú tèmi, ohun tó ju yẹ́lò lọ ni ọkọ̀ òru. Ní oṣù kẹsàn-án 2024 ni ọkọ̀ V1 tó ń ti Leigh wá àti 36 tó ń ti Bolton wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mọ́jú. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí àwọn èèyàn tiwa náà wà nínú wọn, àwọn ló ń jáde níbi iṣẹ́ lásìkò yẹn. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pè é ní ìdánwò. Kí ni wọ́n ń dán wò? Ṣé bóyá èèyàn ń ṣiṣẹ́ lóru ni? Láyé ìdíje, kò sí ẹni tí ẹ máa bi ní irú ìbéèrè yẹn. Ní báyìí, méyọ̀ wà ńbẹ̀, ẹ bi í.