Kíkà Méjì: Lámèyítọ́ Lórí Bí Àwọn Aláṣẹ Yunifásítì Ṣe Ń Díwọ̀n Iṣẹ́ Ìwádìí

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan náà, kà, ni Yorùbá ń lò nígbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé àti nígbà tí ó bá ń ka owó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀pọ̀ aláṣẹ yunifásítì ti pa kíkà àkọ́kọ́ tì, wọ́n sì ti gbá èkejì mú ṣinṣin. Èyí ń pa iṣẹ́ ìwádìí lára, pàápàá ìwádìí lórí èdè wa. Kí olùkọ́ girama àti olùdánwò má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará yunifásítì nìkan ni èyí, nítorí bí odò bá gbẹ lórísun, ẹni tí ń pọnmi nísàlẹ̀ kò ní í rí omi pọn.

Kíkà iye, kíkà iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ilẹ̀ tí ó ti dán irú ìlànà báyìí wò. Ní 1986 ni àwọn tí ń pín owó ìjọba fún yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò kí wọ́n tó pín owó. Nínú àyẹ̀wò ti ọdún 2008, iṣẹ́ mẹ́rin ni ó pọ̀ jù tí olùkọ́ kan lè fi sílẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ni ó sì gbé wọn yẹ̀ wò. Ìlànà náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń jẹ àkókò, ó sì ń kó ìpayà bá olùkọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ gan-an ni wọ́n gbé síwájú onídàájọ́.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1990, iye àpilẹ̀kọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀ jáde wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó fún un. Linda Butler yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2003. Àpilẹ̀kọ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àwọn jọ́nà tí àwọn onímọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ni ó ti pọ̀ jù. Iye ni wọ́n ń sanwó fún, iye náà ni wọ́n sì rí gbà. Ní 2020, ìjọba Ṣáínà pàápàá pàṣẹ pé kí àwọn yunifásítì ibẹ̀ yé fi owó ta olùkọ́ lọ́rẹ nítorí àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde.

Bí ó ṣe rí nílé wa

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ rọ̀ mọ́ iye àpilẹ̀kọ, wọ́n a sì tún béèrè pé kí díẹ̀ nínú wọn jáde nínú jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè. Òfin kan náà ni fún onímọ̀ físíìsì àti fún onímọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò wúwo bákan náà lórí àwọn méjèèjì. Jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè mélòó ni yóò gba àpilẹ̀kọ tí a fi Yorùbá kọ lórí ẹ̀ka-èdè Oǹdó tàbí lórí ẹkún ìyàwó? Olùkọ́ tí ó ń wá ìgbéga yóò wá yí iṣẹ́ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí ó sanwó fún jọ́nà tí kì í kọ iṣẹ́ kankan. Èyí tí ó fi Yorùbá kọ, tí olùkọ́ girama ìbá rí lò, ni wọn yóò pè ní iṣẹ́ abẹ́lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀pá yìí wọn àwọn iṣẹ́ tí a mọ̀. Ọdún púpọ̀ ni Adébóyè Babalọlá fi gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ kí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èkejì rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀ ní kíláàsì, òun náà ni a sì fi ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò. Iṣẹ́ àjọṣe ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni. Lójú ẹni tí ń ka iye, ìlà kan péré ni yóò jẹ́ lórí ìwé ìgbéga, wọn a sì tún pín in láàárín gbogbo àwọn tí ó ṣe é.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2011 ni ó dá àjọ TETFund sílẹ̀, owó ìwádìí sì wà lára ohun tí ó ń pèsè. Ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n owó nìkan kì í ṣe ìwádìí. Láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Nígbà tí wọ́n padà, ńṣe ni a ń fi ìkánjú kọ́ni kí ọdún ẹ̀kọ́ lè bá ara mu. Ẹni tí iṣẹ́ kíláàsì bò mọ́lẹ̀ kò lè ráyè lọ jókòó ti àgbà ọdẹ lábúlé.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a kò bá ka iye, ojúsàájú ni yóò gbilẹ̀: ọ̀gá yóò gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ga, yóò sì tẹ ẹlòmíràn rì. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye kì í wojú ẹnikẹ́ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ kékeré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ojúsàájú ni pé kí a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onímọ̀ tí ó wà ní ibòmíràn, kí ó kà á láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Èrò wa ni pé kí ìgbìmọ̀ ìgbéga máa béèrè iṣẹ́ díẹ̀ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kà sí ojúlówó, kí wọ́n sì kà á. Iṣẹ́ tí a bá fi Yorùbá kọ, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni kí ó díwọ̀n rẹ̀. Kí ìwé atúmọ̀ èdè, èdè-ìperí àti àkójọ ohùn ẹnu ní ipò tí ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: àwa náà gbọ́dọ̀ rí i pé jọ́nà wa ń jáde lákòókò, pé a sì ń dá iṣẹ́ tí kò kúnjú ìwọ̀n padà, ìbáà jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí a kò bá ṣe èyí, a kò ní í lẹ́nu láti bá àwọn aláṣẹ wí.