Agúnmániyè Lórí Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá
Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń gbin igi agúnmániyè máa ń wú mi lórí. Ẹ̀ka tútù ló ń gé, tó ń rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, tí yóò sì ta gbòǹgbò. Ilẹ̀ tí iṣu kò ta mọ́ kì í bà á lẹ́rù. Mẹ́síkò ni igi náà ti wá. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, gbìn ín ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo, ewé rẹ̀ sì di ajílẹ̀. Gígé rẹ̀ ni ọgbọ́n tó dùn mọ́ mi jù: bí a bá gé e, kùkùté á tún rú ọ̀mùnú, igi ìdáná á tún dé láìgbin òmíràn. Ẹ̀yin ará Ìkòyí, ní ìhà Kàbà, ẹ gbìn ín fún igi ìdáná, kí á lè dá igi òrí àti igi irú sí.