Ọ̀rọ̀ 'Relief' Nínú Àlàyé Iṣẹ́ Ọnà Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀-Èkìtì

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń da ẹni tí ó bá ń fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé iṣẹ́ ọnà Yorùbá láàmú, 'relief' jẹ́ ọ̀kan tí wọn kì í sábà kà sí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro í pè, kò sì ṣàjèjì létí. Ẹni tí orí ń fọ́ tí ó sì rí oògùn lò mọ̀ ọ́n sí ìtura. Àwọn tí ogun abẹ́lé ṣojú wọn, láti 1967 sí 1970, mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ àti aṣọ tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń kó lọ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ó wá dípò òṣìṣẹ́ tí ó lọ fún ìsinmi ni wọ́n ń fi pè. Akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ní tirẹ̀ mọ̀ ọ́n sí bí ilẹ̀ ṣe ga níhìn-ín tí ó sì rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, irú èyí tí ojú ń rí ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta àti Òròlé ti yọ gedegbe lójú ilẹ̀. Ìtumọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lò, èyí tí ó ṣẹ́kù, ni ó mú ọ̀ràn wá.

Iṣẹ́ tí ó fi ọ̀ràn náà hàn jù lọ ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní nǹkan bí 1873, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀-Èkìtì títí ó fi kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò èyí tí ó lọ. (Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe àwàdà, ilẹ̀kùn kejì yìí gan-an ni 'relief' gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń lò ó.)

Lára apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Lára apá kejì, Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú àga tí àwọn aláàárù gbé. Láti ìgbà tí Philip Allison ti kọ àpilẹ̀kọ nípa Ọlọ́wẹ̀ ní 1944, àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé kò ní ìṣòro kankan: 'high relief' ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí, òǹkàwé wọn sì mọ ohun tí wọ́n wí. Kí ni ẹni tí ń fi Yorùbá kọ ọ́ yóò wí?

Ìtura kò yẹ ní ohun tí ènìyàn ń bá jiyàn. Ẹ̀rín ni yóò pa òǹkàwé. Àṣìṣe tí ó léwu ni èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín. Bí òǹkọ̀wé bá pe ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn náà ní àwòrán, ó ti sọ ọ́ di ohun pẹrẹsẹ tí ọwọ́ ń rá kọjá. Bí ó bá pè é ní ère, ó ti yọ pákó kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ère sì ni ohun tí ènìyàn lè yí ká. Ọnà gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn lè sá lọ sọ́dọ̀ fínfín, nítorí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ṣùgbọ́n nínú ìpele iṣẹ́ tí àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀ lé, èyí tí Kevin Carroll kọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1967, ọnà lílé ni ó ṣáájú, àlétúnlé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kí ó tó wá kan fínfín. Ojú ọ̀bẹ tí ń fa ìlà sí irun, sí ilà ojú àti sí aṣọ ni fínfín níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn onígbá fínfín ní Ọ̀yọ́ máa ń ha ilẹ̀ igbá kúrò kí ọnà lè dá yàtọ̀, èyí tí ó sún mọ́ 'relief' gan-an. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ìlà lásán, nítorí náà kò lè dá ìyàtọ̀ náà mú.

Ìrànlọ́wọ́ kò wá láti inú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 tí apá kejì sì jáde ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn tí ó ṣe é gbájú mọ́. Ẹni tí ń ṣe àlàyé ọnà gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí ó lọ wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí gbígbé nǹkan sókè. Gbòǹgbò yìí so ìtumọ̀ tí ó dà bí ọ̀tá ara wọn pọ̀: wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tí ń jìyà, wọ́n sì gbé ère sókè kúrò lára pákó. Láti ibẹ̀, 'àgbéyọ' yóò wá sọ́kàn ní wéré, yóò sì dùn mọ́ni, nítorí pé ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu láìkù síbì kan.

Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sí ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbé sókè lára pákó. Ibi gíga jù lọ lára Ambrose àti lára Ògògà ni ojú igi wà kí wọ́n tó fi àáké kàn án. Ilẹ̀ tí ó yí wọn ká ni ó gbẹ́ lọ, tí ó fi kù wọ́n síta. Ẹni tí ó wo iṣẹ́ nígbà tí ó parí ni ojú rẹ̀ ń sọ fún un pé wọ́n gbé nǹkan yọ. Ẹni tí ó di ìṣó àti òòlù mú mọ̀ pé gbígbẹ́ ni. 'Àgbẹ́yọ' ni ó yẹ kí ó jẹ́, ohun tí wọ́n gbẹ́ títí ó fi yọ. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kan ni ó ya ojú òǹwòran sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ 'high' tún ku sílẹ̀. 'Àgbẹ́yọ gíga' yóò mú kí òǹkàwé Yorùbá gbójú sókè wá ọnà tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé aṣọ kan ní ilẹ̀ pupa, bẹ́ẹ̀ ni pákó ní ilẹ̀ tirẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n ti wọn nǹkan: àgbẹ́yọ tí ó fara mọ́ ilẹ̀, àti àgbẹ́yọ tí ó jìnnà sí ilẹ̀. Kò sí ìdí pàtàkì tí èyí fi gbọ́dọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àpólà tí ó yé ènìyàn sàn ju àdàpè tí wọ́n ní láti túmọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ hàn nígbà tí àlàyé bá padà sídìí iṣẹ́. Lára ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, jíjìnnà náà kò dọ́gba: ara àwọn kan yọ síta ju ti àwọn mìíràn lọ, àwọn kan tilẹ̀ yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ìtàn, wọ́n ń wo ẹni tí ó dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn ní ọnà àti ọ̀dà tirẹ̀ bí aṣọ. Òpó ààfin kan náà, èyí tí Ògògà jókòó sí tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó wà ní Chicago báyìí, kò ní ilẹ̀ rárá, nítorí náà ère ni. Ó sì tún ṣẹ́ ku ọpọ́n tí ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà Áfíríkà ní Washington, tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn tí ó kúnlẹ̀ gbé e, orí ènìyàn kan wà tí ó gbẹ́ títí tí kò fi kan nǹkan kan mọ́. Ó ń yí síwá sẹ́yìn nínú àgọ́ tí àwọn ère náà ṣe fún un, kò sì ṣe é mú jáde.